Ẹ̀rọ Tí Ìyá Mi Ń Fún Ní Ìsinmi

Dígírì mẹ́rìnlá. Ohun tí òṣùwọ̀n ooru kà ní pálọ̀ wa ní Openshaw, nílùú òyìnbó, nìyẹn, ní òwúrọ̀ tí ìyá mi ní òun máa padà sí Abẹ́òkúta kí ọmọ wa tó pé ogójì ọjọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Onílé wa kò fẹ́, nítorí ó ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé ilé ìgbàlódé lòun fún wa. Ìyàwó mi kò fẹ́, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà máa gbé búláńkẹ́ẹ̀tì wá kí ọmọ tuntun. Ìyá mi alára kò fẹ́: ta ni yóò gbọ́ nílé pé òun wọ bàálù wá jẹ òtútù nínú yàrá?

Èmi fẹ́.

Ṣáájú ìgbà òtútù ni onílé, ilé-iṣẹ́ tó ni gbogbo ilé òpópónà wa, ti yọ bọ́ílà gáàsì tó ń mú ilé móoru, tó sì gbé heat pump sí ẹ̀yìnkùlé dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í dáná. Ooru tó fara pamọ́ sínú afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà wọlé, kódà bí ìta bá tutù. Iná mànàmáná ló ń jẹ, iná sì wọ́n ju gáàsì lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìdúró, ooru tó ń mú wọlé máa ń ju iná tó jẹ lọ dáadáa. Ọgbọ́n gidi ni. N kò bá ẹ̀rọ jà. Àwọn tó gbé e kalẹ̀, tí wọ́n ju ìwé ìlò tó nípọn bíi Bíbélì sórí tábìlì, tí wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn lọ, àwọn ni mo ń bá jà.

Ìyá mi wá bá wa wẹ ọmọ. Ó wo àpótí onífáànù tó ń kùn lẹ́yìn ilé, ó sì dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹni tó bá sì ti lo jẹnẹrétọ̀ rí mọ òfin rẹ̀: ó gbọ́dọ̀ sinmi. Bí èmi bá ti lọ sí ibi iṣẹ́ ní Trafford Park, ìyá mi á pa á. Bó bá fẹ́ wẹ ọmọ, á tàn án, á sì yí i dé òpin. Ilé á ti tutù nígbà náà. Ẹ̀rọ á pa iṣẹ́ ìrọ̀rùn tì, á tan irin agbóná inú rẹ̀, irin yẹn á sì máa jẹ owó iná wa bí ikán ṣe ń jẹ àjà.

A kò mọ̀, àfi ọjọ́ tí onílé rán òṣìṣẹ́ wá, ọmọbìnrin Yorùbá kan tí wọ́n bí sí Stretford. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó gba àdúrà tirẹ̀, ó yọ òṣùwọ̀n jáde. Ó wo nọ́ńbà, mẹ́rìnlá yẹn, ó wò mí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ èyí ní meeting àwọn ayálégbé o. Wọ́n á ní ẹ ò mọ̀ ọ́n lò ni.”

“Ta ló kọ́ wa?”

Kó tó dáhùn, ìyá mi ti dé ibi ògiri, ó sì pa ẹ̀rọ.

“Mummy! Kí lẹ pa á fún?” ni ọmọbìnrin náà ké.

“Ṣé kó jó ni? Àtàárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin ọmọ ìlú òyìnbó ò mọ̀ pé ó ń rẹ irin ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í sinmi. Bíi fridge ni. Ṣé ẹ máa ń pa fridge yín kó lè sinmi?”

“Tèmi ní Abẹ́òkúta? Àwọn oníná ló ń bá mi pa á.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, a kò pa á mọ́. Pálọ̀ móoru débi tí ìyá mi fi bọ́ súwẹ́tà. Ṣùgbọ́n yàrá òkè, níbi tí ọmọ ń sùn, kò yí padà. Mo fọwọ́ kan rédíétọ̀ ibẹ̀, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gbà kọjá láti mú yàrá móoru: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì tóbi ju tíréè oúnjẹ lọ. Omi gbígbóná janjan ti bọ́ílà àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Omi heat pump kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Rédíétọ̀ ńlá ló ń fẹ́. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Owó ni wọ́n ń ṣọ́.

“N ó dúró,” ni ìyá mi wí, ó gbé ọmọ sọ̀kalẹ̀, “ṣùgbọ́n pálọ̀ lèmi àti ọkọ mi kékeré á máa sùn. Kí ìwọ àti ìyàwó ẹ lọ máa gbọ̀n lókè.”

Ní ìpàdé àwọn ayálégbé, mo dìde, mo sì sọ nọ́ńbà náà. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì onílé ní ìyá mi ló ń pa ẹ̀rọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pa á, ó sì ti jáwọ́, ẹ̀yin ńkọ́? Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin onílé wa, ẹ wá pààrọ̀ rédíétọ̀ yàrá òkè kí òtútù tó le sí i. Ẹ dí àlàfo etí fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ rán ẹni tí yóò dúró níwájú ẹ̀rọ, tí yóò fi èdè tí à ń sọ nílé ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ìyá wa. Kí ẹ sì máa kéde iye ooru ilé kọ̀ọ̀kan ní gbangba, kí ẹ tó tún gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni.