Àga Mẹ́ta ní Adó, Àga Mẹ́ta ní Ìgèdè

Nígbà tí mo ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí àga, mo ti mọ bí gíláàsì tó sán ṣe ń dún. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo gbé dàgbà, ní Òkè-Ìlá níbí ní Adó, Yèyé ni gbogbo wa sì ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọn kò sì bímọ, nítorí náà èmi ni ó ń pè ní ọmọ òun. Ohun tí Yèyé ń tà kò jọ ti àwọn ìyá yòókù ládùúgbò. Àwọn yẹn ń ta iṣu, wọ́n ń ta ata, wọ́n ń ta aṣọ. Yèyé ń ta àga tí ẹlòmíràn ti jókòó lé fún ogún ọdún, àwo tánganran tí wọ́n ya òdòdó sí létí, àti ife gíláàsì ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í mu. Gbàǹjo ló ti ń rà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí gbàǹjo ṣe máa ń rí fún yín, torí ẹ kò bá a. Láyé ìgbà náà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè, bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ìbáà ṣe òyìnbó, ìbáà ṣe ènìyàn dúdú, kì í kó ẹrù ilé rẹ̀ lọ. Wọn á kó gbogbo rẹ̀ síta sábẹ́ igi. Onígbàǹjo á dé pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, á gun orí àpótí, á máa ké sí àwa tí a pé jọ pé ta ni yóò san èyí, ta ni yóò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá sí ẹni tí ó borí rẹ̀ mọ́ ló ni ọjà. Bí o bá ti rà á, o ti rà á nìyẹn. Bí o bá délé tí o rí i pé ẹsẹ̀ àga ti jẹrà, ìwọ àti orí rẹ ni.

Ìdí nìyẹn tí Yèyé fi máa ń tètè dé, kí ó lè yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó ní ọwọ́ ni a fi ń ra àga, etí ni a fi ń ra gíláàsì, ẹlẹ́tàn ni ojú. Á dojú àga délẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, nítorí náà èmi ni mò ń yẹ gíláàsì àti tánganran wò. Mo kàn máa fi èékánná ta á létí ni. Èyí tó yè á dún gíǹnìn bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè. Èyí tó ti sán, bí ojú kò tilẹ̀ rí ojú ibi tó ti sán, pọ̀kọ̀ ló máa dún. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà púpọ̀. Inú mi máa ń dùn pé àgbàlagbà ń dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọkùnrin kan wà tí ó máa ń wá láti Ìgèdè. Káfíńtà ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, pẹ́ńsù sì máa ń wà létí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Kò sí gbàǹjo tí a dé tí a kò bá a níbẹ̀. Bí Yèyé bá pe ṣílè méjì lórí tábìlì kan, á pe mẹ́ta. Yèyé náà á pe mẹ́rin, tábìlì tí kò tó ṣílè kan á sì di ohun ìní ọba. Onígbàǹjo fẹ́ràn àwọn méjèèjì bí ẹyinjú rẹ̀. Kí ó tó lu agogo, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé ìyá Òkè-Ìlá ti dé? Ṣé bàbá Ìgèdè ti dé?" Bí ọ̀kan kò bá tíì dé, á ní kí a ṣe sùúrù díẹ̀.

Mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí òyìnbó kan tí ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀nà ń lọ sílé. Nínú ẹrù rẹ̀ ni mo ti rí àga tí ojú mi kò rí irú rẹ̀ rí. Igi ọ̀gànwó ni, ó pọ́n, ó ń dán. Wọ́n fi pàǹkẹ́rẹ́ hun ibi ìjókòó, wọ́n sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ewé tí afẹ́fẹ́ ń tì. Mẹ́ta ni wọ́n gbé jáde. Yèyé fi ọwọ́ pa ọ̀kan lára, mo sì mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti fà sí i. Ó ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo owó tó wà nínú àpò abẹ́ ìró rẹ̀ ló lọ sí i. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé láti dojú wọn délẹ̀ wò. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so wọ́n pọ̀ ni àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ òyìnbó náà tún jáde láti yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú mẹ́ta mìíràn, ọmọ ìyá tiwa gan-an. Mẹ́fà ni wọ́n! Yèyé wo àpò rẹ̀, ó wo àga. Ará Ìgèdè wo Yèyé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì rà wọ́n ní iye tí Yèyé fi ra tirẹ̀, ó fi ṣílè kan lé e.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá jẹ́ ẹ̀rín lásán bí kì í bá ṣe ti ilé ìwé mi. Mo ti yege ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, èrè orí àga yìí ni Yèyé sì fẹ́ fi rán mi lọ. Ẹni tó fẹ́ rà á kò pẹ́ dé. Ọ̀gá ilé ìwé kan ni, láti Ìjan, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé. Ó jókòó lórí ọ̀kan, ó fara ti ẹ̀yìn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àga dára. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́fà ló ń jẹun nílé mi. Ṣé kí n ní kí mẹ́ta máa nàró jẹun ni?" Ó lọ.

Yèyé bá ránṣẹ́ sí Ìgèdè nípasẹ̀ awakọ̀ kan pé kí ọkùnrin yẹn ta mẹ́ta tirẹ̀ fún òun. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: òun náà ti rí oníbàárà tó ń wá mẹ́fà, kí Yèyé ta tirẹ̀ fún òun. Yèyé ní kí òun tó tà á fún un, òun á fi wọ́n sun iṣu jẹ. Ọkùnrin yẹn ní kí ó má gbàgbé epo. Báyìí ni wọ́n ń ṣe títí awakọ̀ fi ní kí wọ́n máa kọ lẹ́tà, pé ẹnu ti ń dun òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni àga wà ní pálọ̀ wa, aṣọ bò wọ́n bí aláìsàn, ọjọ́ ìwọlé sì ń sún mọ́. Ìjọ aláṣọ funfun ni Yèyé ń lọ. Mò ń gbọ́ ọ nígbà àdúrà òwúrọ̀ tí ó ń sọ fún Ọlọ́run pé kí ó rọ ọkàn ọkùnrin kan ní Ìgèdè. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọ ti òun.

Bẹ́ẹ̀ ni gbàǹjo mìíràn dé, ní ilé adájọ́ kan tó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Abọ́ gíláàsì ńlá kan wà níbẹ̀, búlúù bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Yèyé tì mí síwájú. Mo fi èékánná ta á. Pọ̀kọ̀. Mo tún ta á ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Pọ̀kọ̀. Mo sún mọ́ etí Yèyé tó ń gbọ́ràn, mo ní, "Yèyé, ó ti sán." Mo rò pé a ó kọjá lọ síbi àwo ni. Ṣùgbọ́n Yèyé dúró, ó ń wo ará Ìgèdè tí ó ń wo abọ́ náà láti ẹ̀yìn. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́."

Igi ni ọkùnrin náà mọ̀, kò mọ gíláàsì. Ohun tí Yèyé bá ti ń fẹ́ ni ó máa ń gbà pé ó dára, Yèyé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Yèyé pe ṣílè márùn-ún. Ọkùnrin náà pe mẹ́fà. Yèyé pe mẹ́wàá, owó tí kò ní rárá! Ojú mi ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Nígbà tí ó dé pọ́n-ùn kan, àwọn ènìyàn ti ń pariwo. Ará Ìgèdè fi ṣílè márùn-ún lé e. Yèyé bá káwọ́ gbera, kò pe owó mọ́. Tàkúté ti mú ẹran. Onígbàǹjo gbé agogo sókè, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ̀ẹ̀mejì!" Mo wo ọkùnrin náà. Ó ti ń tú owó jáde nínú aṣọ kékeré kan tí ó ta ní kókó, ó ń fi eyín fa kókó náà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá ayùn. Mi ò mọ ohun tó ti ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi. Mo ké pé, "Bàbá, má rà á! Ó ti sán!"

Ẹ má wí pé mo ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ tí mi ò ní "ẹ má rà á". Ọmọ Èkìtì ni mí, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹni tó bínú sí i.

Ẹ̀rín bú ní gbogbo ibẹ̀. Onígbàǹjo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na agogo sí mi, ó béèrè pé ọmọ ta nìyí. Yèyé yíjú síbi tí àwo wà. Ará Ìgèdè rìn lọ síbi abọ́, ó fi èékánná ta á gẹ́gẹ́ bí ó ti rí mi tí mo ṣe, gbogbo wa sì gbọ́ ọ: pọ̀kọ̀. Ó tún ta owó rẹ̀ ní kókó padà.

A padà sílé. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú, ṣùgbọ́n kò gbá mi. Ó ká aṣọ kúrò lórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, ó jókòó lé e fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa sọ ohun tí etí rẹ bá gbọ́?"

Mo ní, "Ìwọ ni, Yèyé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ará Ìgèdè ló sọ̀ kalẹ̀. Àga mẹ́ta wà lókè ọkọ̀, ó sì ń gbé wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ọmọ ilé yìí ni òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Yèyé dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Má dúpẹ́ rárá. Èmi ni mo fẹ́ tì ọ́ sínú kànga. Mo mọ̀ pé ó ti sán kí n tó pe ṣílè kan."

Ọkùnrin náà ní, "Mo mọ̀. Ojú rẹ ni mo wò nígbà tí ọmọ kígbe." Ó mú pẹ́ńsù kúrò létí, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n wo àga tìrẹ, èyí tó wà ní àárín yẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀ lójú ihò. Mo rí i ní ọjọ́ tí o rà á, mo sì dákẹ́. Àwọn mẹ́ta tèmi yìí pàápàá, n kò nílò wọn. Mo rí bí o ṣe ń wò wọ́n ni mo fi rà wọ́n."

Yèyé dojú àga délẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Wọ́n wo ara wọn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Yèyé ní, "Wọlé, wá jẹun." Lẹ́yìn oúnjẹ, ọkùnrin náà tẹ́ àpò sílẹ̀ ní ojúde wa, ó tún ẹsẹ̀ àga náà ṣe, èmi ni mo di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Nígbà tí ó ṣe tán, ó ní kí n gun orí rẹ̀ kí n máa fò. Mo fò títí, àga náà kò mì.

Ọ̀gá ilé ìwé ará Ìjan ra mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n pín owó náà sí méjì, mo sì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì pẹ̀lú àpótí tí káfíńtà wa kàn fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún kò yí po tí òun àti Yèyé fi ṣègbéyàwó. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá sí Òkè-Ìlá, mo sì di ẹni tó ní bàbá nínú ilé. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn du ọjà mọ́ níbi gbàǹjo, àfi ẹran tó bá ṣẹ́kù nínú ọbẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí àga onífọ́mù dé, a ju àga onígi sẹ́yìn ilé fún adìẹ. Ní báyìí, àwọn ọmọ yín ló tún ń wá wọn kiri, tí wọ́n ń fi owó ńlá ra ife tí Yèyé ìbá fi ṣe ènì. Mi ò bá wọn jà, ó dùn mọ́ mi pé wọ́n mọyì rẹ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo tiwọn. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí, ó fi àwo tánganran kan hàn mí, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹnì kan ń bá mi du ú o!"

Mo ní, "Ta ni? Báwo ló ṣe rí?"

Ó ní òun kò mọ̀, nọ́ńbà lásán ni òun ń rí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó borí, ó fò sókè, mo sì bá a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó kọ nǹkan ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn, kí ó kí i, kí ó bi í bóyá àwo náà wù ú gan-an.

Ó ní, "Ìyá àgbà, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Ìwọ ṣe é wò."