Iṣu Tí A Fi Imọ̀ Ọ̀pẹ Bò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ àgbẹ̀, tí ẹ máa ń bi mí pé báwo ni iṣu Èkìtì ṣe wọ ìkòkò ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ náà kò tíì pẹ́ rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí epo bẹntiróòlù fò sókè, tí owó ọkọ̀ láti Odò-Orò dé Ìkọ̀lé fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èrè orí iṣu. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Abà wa kún, oníbàárà kò wá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ nígbà náà, èmi náà ṣì ni. Bí ẹnì kan bá sì retí pé màá fi inú dídùn sọ ìtàn yìí, kó yáa mọ̀ pé owú ṣì ń jẹ mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ìjọba ń bọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án. Ohun rere ni, a ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kan tí a kò mọ ojú rẹ̀ ló ń kó ìrẹsì wá láti ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó mi wà lára àwọn alásè tó ń sè é ní ilé-ìwé wa. Bó bá dé ilé, á jókòó gbìì, á ní, "Bàbá Tósìn, òkúta ni mo ṣà lónìí. Ìrẹsì díẹ̀ wà nínú ẹ̀." Abà iṣu mi kò sì jìnnà sí ilé-ìwé náà. Bí iṣu bá ń jẹrà, òórùn rẹ̀ máa ń gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì. Ẹ wo ayé: ọmọ àgbẹ̀ ń tu òkúta lẹ́nu, iṣu bàbá rẹ̀ ń jẹrà lẹ́yìn ògiri.

A wá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba fẹ́ fúnni ní owó ìrànwọ́ tí yóò so oko ìlú pọ̀ mọ́ oúnjẹ ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá rí i gbà yóò ní abà ìgbàlódé, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré àti èbù tí wọn yóò gbìn, iṣu wọn ni àwọn ọmọ yóò sì máa jẹ. Inú wa dùn. Oṣù ń wọlé, oṣù ń jáde, a ò rí nǹkan kan. Ohun tó wá dé etí wa ni pé agbaṣẹ́ṣe náà ló tún fẹ́ gbé èyí náà mì. Ìgbà yẹn la pinnu pé a ó lọ jókòó sí ẹnu géètì ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé.

A ò gbé pátákó. Iṣu la rù lọ. Bàbá Ọ̀jọ́, tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa, ló ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ó ní ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì lè ti fèrèsé mọ́ ariwo, ṣùgbọ́n kò sí fèrèsé tó ń dá òórùn dúró. Làwọn obìnrin bá dáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, wọ́n ń sun iṣu, wọ́n gbé epo pupa àti iyọ̀ sílẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé tó bá ń kọjá, wọ́n á bu tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń yọjú. Ìránṣẹ́ kan jáde wá bá wa wí, ó bá wa wí dáadáa, ó sì fi iṣu sísun kan wọlé padà lábẹ́ ẹ̀wù.

Ọ̀gá wọn jáde níkẹyìn. Ó béèrè ẹni tó rán wa.

"Iṣu ni," ni Bàbá Ọ̀jọ́ wí. "Ó ní òun kò fẹ́ jẹrà mọ́."

"Bàbá, ẹ ti dí ọ̀nà."

"Ọ̀nà ọ̀fun la wá là, ọmọ mi. Jókòó, o ò tíì jẹun."

Ọkùnrin náà wo iṣu, ó wo wa, kò jókòó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀.

Ọjọ́ kan lára àwọn ọjọ́ tí a fi jókòó síbẹ̀ ni Ọládélé ará Ìrèlé gun ọ̀kadà rẹ̀ kọjá. Èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé-ìwé girama, àgbẹ̀ gidi sì ni. Mo pè é kó wá bá wa jókòó. Ó dá ọ̀kadà dúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé, ẹ kú iná dídá o. Koríko ń dúró dè mí lóko. Bí ẹ bá sun ún tán, ẹ fi tèmi sílẹ̀ fún mi."

Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání.

A lọ, a bọ̀, a tún lọ, títí ọ̀gá náà fi pè wá wọlé. Ó ní wọ́n ti yọ ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe náà. Ó ní àwọn aṣàyẹ̀wò yóò máa bọ̀ láti wo abà ìlú kọ̀ọ̀kan, ìlú tí iṣu rẹ̀ bá pọ̀ tó láti bọ́ àwọn ilé-ìwé agbègbè wa ni yóò gba owó ìrànwọ́ náà. A kọrin dé ilé. Ta ló ní iṣu tó wa?

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í fi abà iṣu han àlejò. Bí a bá so iṣu mọ́ igi abà tán, imọ̀ ọ̀pẹ la fi ń bò ó, nítorí oòrùn àti nítorí ojú. Láyé àwọn bàbá wa, àgbowó-orí a máa wo abà ẹni kó tó sọ iye tí èèyàn máa san. Àwọn ló kọ́ wa pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, Bàbá Ọ̀jọ́ ní ìjọba tó ní òun fẹ́ fún wa lówó yìí náà ni ìjọba tó ń gba owó-orí, ojú kan náà ló fi ń wo abà. Kò sẹ́ni tó já a nírọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ló fẹ́ kí aládùúgbò òun mọ bí iṣu òun ṣe pọ̀ tó? Ìpàdé fẹnu kò: imọ̀ ọ̀pẹ kò ní kúrò.

Àwọn aṣàyẹ̀wò dé. Ọmọbìnrin kan ló ṣáájú wọn, ó mọ̀wàá hù, ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ó ń bi oníkálùkù pé iṣu mélòó ló ní, oníkálùkù sì ń dá a lóhùn bí ọmọlúàbí Odò-Orò ṣe ń dáhùn: "Díẹ̀díẹ̀ la ń rí jẹ, Olúwa ló ń ṣe é." Nígbà tó kan Bàbá Ọ̀jọ́, èdè Èkìtì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ulé arúgbó rèé, kò sí uṣu níbẹ̀."

Ọmọbìnrin náà tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Kí ló wà lẹ́yìn imọ̀ yìí, bàbá?"

"Imọ̀ mìíràn ni."

Ó gbà á gbọ́. Ó kí wa, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ìrèlé ló gba owó ìrànwọ́ náà. Ọládélé ti ká gbogbo imọ̀ kúrò lórí abà rẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó rọ àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gún iyán fún àwọn aṣàyẹ̀wò. Orí rédíò la ti gbọ́ ọ. Mo pa rédíò náà bí ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ. Ìyàwó mi ní, "Ẹ fi rédíò sílẹ̀, kò bá yín du iṣu."

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ Ọládélé ti ń gba iwájú oko mi kọjá, tí á fọn fèrè kí mi. Iná tí mo dá, òun ló ń yá a. Ìyàwó mi ló ń se iṣu rẹ̀ ní àsáró fáwọn ọmọ wa, òórùn rẹ̀ á bá aṣọ rẹ̀ wọlé.

"Ṣé kì í korò?" ni mo máa ń bi í.

"Kì í korò."

"Ṣé kì í ní kòkòrò nínú?"

"Bàbá Tósìn, iṣu náà dùn. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ. Bí iṣu rẹ̀ bá burú, ǹ bá sùn dáadáa. Dídùn rẹ̀ ló ń pa mí.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, Ọládélé yà lọ́dọ̀ mi. Kò fọn fèrè lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó lórí igi tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn abà. Ó ní òjò kò tó lọ́dọ̀ wọn, iṣu àwọn kò ní bá àwọn ọmọ dé ìparí táàmù.

"Bí kò bá tó," ló wí, "wọ́n ní agbaṣẹ́ṣe yẹn ni àwọn máa pè padà."

Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n: "Díẹ̀díẹ̀ la ń rí jẹ."

"Ohun tí ẹ sọ fún ìjọba nìyẹn, Akọ̀wé. Èmi kì í ṣe ìjọba. Mo ní kí ẹ fi tèmi sílẹ̀, ẹ sì fi í sílẹ̀. Mo wá tọrọ ìyókù ni."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀ mí ni tàbí ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo ronú pé kó máa lọ, kó lọ sọ fún ìjọba pé iṣu òun tán, kí ìtìjú mú un. Ṣùgbọ́n òkúta inú ìrẹsì yẹn ni mo rí lójú mi, àti ìyàwó mi tó ń ṣà á. Mo dìde, mo di imọ̀ ọ̀pẹ mú, mo fà á lulẹ̀.

Ọládélé dìde. Ó rìn dé ìpẹ̀kun abà náà, ó rìn padà. Ó wá wò mí, mo sì rí owú tí mo ti ń rù kiri láti ọjọ́ yìí nínú ojú tirẹ̀ náà. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó dùn mọ́ mi dé eegun. Lẹ́yìn náà la jọ kó iṣu náà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ bá wa wọ̀n ọ́n. Ìrẹsì olókùúta lọ, kò sì padà wá. Ọwọ́ wa la fi lé e. Owó ìrànwọ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọwọ́ wa náà la fi bò ó mọ́lẹ̀. Iṣu wa wà nínú ìkòkò báyìí, orúkọ Ìrèlé ló ń jẹ́, Ọládélé sì ni àwọn ọmọ wa ń kọrin kí. Àwọn obìnrin tó jókòó ti iná ní ẹnu géètì, a kò tíì gbọ́ orúkọ wọn lórí rédíò kankan. Gbèsè nìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn gbà á.

Wọ́n ní àwọn aṣàyẹ̀wò ń padà bọ̀. Bàbá Ọ̀jọ́ ní òun máa ká imọ̀ tòun bí aládùúgbò òun bá kọ́kọ́ ká tirẹ̀. Èmi ni aládùúgbò náà. Láti ọjọ́ tí Ọládélé wá ni abà mi ti wà ní ìhòòhò lẹ́bàá ọ̀nà, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá rí i. Kí ọkọ̀ Ìrèlé náà rọra sáré bó bá dé ibẹ̀, kó wò ó dáadáa.