Ògiri Tí Kò Wó

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Èyí tí ojú tèmi rí ni mo fi kún un. Ó ní nígbà tí ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ ní Adó, abẹ́ àtíbàbà kan ni wọ́n ti ń jọ́sìn, wọn kò sì pọ̀ ju ẹni tí ìkòkò ọbẹ̀ kan lè yó lọ. "Bí ẹnì kan kò bá wá," ó ní, "orin á fẹ́lẹ́. A ó mọ̀ pé ohùn lágbájá ni kò sí níbẹ̀. Ta ló ráyè máa bi ara rẹ̀ pé ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò?" Bí ó bá ti sọ ọ́ dé ibẹ̀, yóò mí kanlẹ̀, yóò sì máa bá ẹ̀gúsí tí ó ń bó lọ. Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, kí ni kì í rò pé òun mọ̀?

Nígbà tí mo fi máa di ọkùnrin, ìjọ ti pọ̀. Apá kan wa jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ará Òkè-Ìlá, àgbẹ̀ tí kò mọ ilé mìíràn. Apá kejì jẹ́ oníṣòwò tí wọ́n ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti Ọ̀yọ́ wá, tí wọ́n ń gbé ní àyíká Ọjà Ọba. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí tiwa, òun ni gbogbo ìjọ ń pè ní Bàbá Ìjọ: arúgbó gíga tí kì í yára sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí kì í yí i padà bó bá ti sọ ọ́. Olórí tiwọn ni ọkùnrin kúkúrú kan tó ń ta aṣọ, a ń pè é ní Alàgbà Aláṣọ. Aṣọ ọrùn rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, kódà nígbà ọyẹ́ tí eruku bo gbogbo wa bí ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ sí lára.

Tíṣà kan ṣoṣo ni wọ́n rán sí wa. Òun ló ń wàásù fún gbogbo wa lọ́jọ́ Ìsinmi, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa láàárọ̀, òun náà ló ń kọ́ àwọn àgbà tó bá fẹ́ mọ̀wé nírọ̀lẹ́. Ìyá mi wà nínú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀. Ohun kan péré ló ń fẹ́ láyé: kí ó fi ojú ara rẹ̀ ka Sáàmù kan kí ó tó kú, kì í ṣe kí ẹlòmíràn máa kà á sí i létí. Ó ti kọjá a, b, d. Ó ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ lábẹ́ ìlà bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà.

Nígbà tí àtíbàbà kò gbà wá mọ́, a ní ká kọ́ ilé. Gbogbo ẹni tó bá ti po ẹrẹ̀ rí nílẹ̀ wa ló mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ilé. Ẹ ó mọ ìpele àkọ́kọ́ yí gbogbo ilé ká, ẹ ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ díẹ̀, kí ẹ tó gun orí rẹ̀ mọ èkejì. Ẹnikẹ́ni kì í dá apá kan gbé sókè. Igun ni agbára ilé wà, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ tútù ti ń di ẹrẹ̀ tútù mú. A mọ èyí bí a ti mọ ọ̀nà oko. Síbẹ̀, níjọ́ tí a ṣèpàdé, Bàbá Ìjọ dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí á pín in. Kí ará Òkè-Ìlá mú ọwọ́ ọ̀tún, kí ará Ọjà Ọba mú ọwọ́ òsì. Bí a bá pín in, a ó mọ ẹni tó fẹ́ràn Olúwa." Gbogbo wa ké Àmín. Èmi ni olórí àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Ìlá nígbà náà, Àmín tèmi ló sì ròkè jù.

A délé, èmi àti ìyá mi. Ó wá ní, "Ulé kan lẹ̀ ń kọ́ ni, àbí ulé méjì? Ta ni wọ́n fún ní igun?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyá mi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìyẹn."

Báyìí ni a bẹ̀rẹ̀. A ń jí lọ síbẹ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko, àwọn obìnrin ń pọn omi, àwa ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ títí orúnkún wa fi ń ro wá. Àwọn ará Ọjà Ọba ní ọjà láti bójú tó, nítorí náà wọ́n gba alágbàṣe. Bí àwọn yẹn bá dé, wọn a ṣe iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lọ́jọ́ kan, wọn kò ní jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó gun èkejì. Orin ìyìn tí a mú wá síbẹ̀ di èébú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

"Ẹ̀yin ará oko," ọ̀kan nínú wọn á ké láti òdìkejì, "ṣé ògiri lẹ̀ ń mọ ni àbí ebè iṣu?"

"Ebè ni o, ẹ̀gbọ́n!" Èmi nìyẹn. "Ebè tiwa ń ta iṣu, tiyín ò ta ju ariwo lọ!"

Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, omi á sì dànù lórí wọn. Nígbà tí ògiri méjèèjì dé ibi tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n pàdé, kò sí ẹni tó jẹ́ kí ẹrẹ̀ tirẹ̀ gun ti ẹnìkejì. Kálukú dúró níbi tí tirẹ̀ parí, ó fi ọwọ́ dán an, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ló bá wọn mọ tiwọn.

Òjò àkọ́rọ̀ dé kí a tó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí ògiri tán. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ògiri ọwọ́ òsì ti dùbúlẹ̀ sínú àgbàrá bí ẹran tó rẹ̀. Tiwa dúró ṣánṣán. Ṣé kí n sọ pé inú wa bàjẹ́? Inú wa dùn, a kàn fa ojú ro ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Ìjọ ló gbàdúrà ìdúpẹ́. Ó ní, "Olúwa, a dúpẹ́ pé o mọ àwọn tìrẹ." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà dé ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó dé etí tó yẹ kó dé. Alàgbà Aláṣọ dìde kí a tó ṣe Àmín.

"Ẹ̀gbẹ́ tí àgbàrá ń gbà lẹ fún wa," ó ní. "Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí omi ń gbà. Àwa kò mọ̀ ọ́n."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ká aṣọ rẹ̀ mọ́ra, ó jáde, àwọn èèyàn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Láti ọjọ́ náà ni a ti di méjì. Tíṣà á wàásù fún wa lábẹ́ àtíbàbà láàárọ̀, á tún rìn lọ sí yàrá ìgbàlejò Alàgbà Aláṣọ lọ́sàn-án, á tún ìwàásù kan náà ṣe. Bí a bá fún un ní iṣu, àwọn náà á fún un ní iṣu, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á sì béèrè èwo ló tóbi. Ọkùnrin náà rù. Ó ń tòògbé kí orin tó parí. Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ìyá mi ń lọ parẹ́, nítorí agbára Tíṣà kò gbé e mọ́. Màmá á gbé ìwé rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka ojú ewé kan tí ó ti mọ̀ lórí, á ṣí èyí tó tẹ̀ lé e, á wò ó títí, á pa á dé.

Ọdún yí, òmíràn dé. Ìjà tó bá pẹ́ kì í dùn ún jà mọ́. Ó kàn ń wà ni, bí ọgbẹ́ tí kò san tí kò sì tún roni. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀. Tiwa lanu, aláǹgbá sì wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mo máa ń rí wọn níbi igun náà, wọ́n ń mirí sí mi bí ẹni pé èmi ni mo wá ṣàlejò wọn.

Níkẹyìn, àlùfáà tó ń bójú tó gbogbo agbègbè wa dé. Ó pè wá jọ sójú ògiri náà, ó jókòó sórí òkìtì ẹrẹ̀ tó wó, ó bọ́ bàtà. A retí ìbáwí. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ó rẹ̀ mí. Ó rẹ Tíṣà yín. Àwọn ará Ìgbẹmọ kọ́ ilé tiwọn tán láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọn kò sì ní tíṣà. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá fẹ́ dé tí ilé yìí kò lórùlé, àwọn ni mo máa fún." Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó lọ.

Ẹ̀rù bà wá. Àwọn ará Ọjà Ọba ní àwọn yóò mọ tiwọn padà. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tútù kì í di ògiri gbígbẹ mú. Bí wọ́n bá mọ ọ́n nígbàkigbà, igun yóò máa là, òrùlé kò sì ní jókòó lé e. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó kù láti ṣe: kí àwa wó tiwa, kí a rẹ ẹ́ sómi, kí a tẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ tiwọn, kí gbogbo wa jọ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

"Kí a wó èyí tó dúró nítorí èyí tó ṣubú?" Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. Àgbà kan lẹ́yìn mi ní, "Kí wọ́n wá bẹ̀ wá ná." A ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí Ọjà Ọba. Èsì tó padà wá ni pé, "A kò ní kí ẹnikẹ́ni wó ògiri rẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ ògiri, kó máa sin ògiri." Bàbá Ìjọ gbọ́ ọ. Ọyẹ́ fẹ́ wá, ó fẹ́ lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àwọn géńdé kan dé láti Ìgbẹmọ. Àṣà ni pé ìlú tó bá fẹ́ gba tíṣà ló ń rán èèyàn wá ru ẹrù rẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé Tíṣà, wọ́n ń jẹ iṣu sísun, wọ́n ń dúró dè é kí ó di àpótí rẹ̀. A dúró, a ń wò wọ́n. Ìyá mi ti mú ìwé rẹ̀ wá láti dá a padà fún Tíṣà. Ó ní, "Gbà á, Tíṣà. Bóyá àwọn ìyá Ìgbẹmọ á lò ó."

Bàbá Ìjọ yí ẹ̀yìn padà. Mo rò pé ó ń lọ sílé ni. Ilẹ̀ ìjọ ló lọ. Ó mú ọkọ́ kan nílẹ̀, ó gbé e sókè, ó fi lu ògiri wa. Ọkọ́ náà ta padà. Ó tún gbé e. Erùpẹ̀ díẹ̀ bọ́. Ó fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀, ó ní, "Ó le. A mọ ọ́n dáadáa." Ó jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó mira.

Ìró ọkọ́ ló fa Alàgbà Aláṣọ wá láti ọjà.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń wó ògiri."

"Ògiri yín kò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀," Bàbá Ìjọ ní. "Ọkọ́ ni kò mú."

Alàgbà Aláṣọ sún mọ́ ògiri náà. Ó bọ́ agbádá funfun rẹ̀, ó wá ibi mímọ́ tí yóò fi í sí, kò rí, ó bá jù ú sórí òkìtì ẹrẹ̀. "Ẹ gbé e fún mi," ó ní. "Ẹ sinmi díẹ̀." Nígbà tí ó rẹ òun náà, ó dá ọkọ́ padà. Báyìí ni àwọn àgbà méjèèjì ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, títí ìtìjú fi lé àwa ọ̀dọ́ lọ wá ọkọ́ tiwa. Àwọn ará Ìgbẹmọ ti dé ibẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀yin ará Adó, ẹ kò kúkú sọ pé iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ lẹ pè wá sí!" A fún wọn ní iṣu, wọ́n binú lọ sílé láìru àpótí kankan.

A kọ́ ilé náà tán kí òjò tó dé. N kò ní purọ́ pé a fi ayọ̀ kọ́ ọ. Ó ti rẹ̀ wá jù. A rọra ń yí i ká, ìpele kan lẹ́yìn òmíràn, ẹrẹ̀ tiwa àti tiwọn nínú kòtò kan náà tí o kò lè mọ èyí tó dúró rí àti èyí tó ṣubú rí. Mo ti gbọ́ tí àwọn oníwàásù ń fi Bàbá Ìjọ ṣe àpẹẹrẹ ìrẹ̀lẹ̀. Èmi bi í ní ojúkorojú, kí ó tó kú, pé kí ló rí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Kí ni mo rí? Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí tiwọn ti wó ni mo ti ń ru tiwa lórí."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ padà nínú ilé tuntun náà. Ìyá mi ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣí ìwé, ó mú un súnmọ́ ojú, ó mú un jìnnà, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó pa ìwé náà dé pẹ̀lẹ́. "Tíṣà, bá mi kà á," ó ní. "N kò bínú. Ẹ pẹ́ ni."

Ilé náà ti di oníbíríkì báyìí, àwọn tó ń jókòó nínú rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni jà níbẹ̀ rí. Wọ́n ní ìjà tiwọn. Mo ń gbọ́ ọ bí mo bá ń bọ̀ láti ìsìn, ẹgbẹ́ kan lápá ọ̀tún, ẹgbẹ́ kan lápá òsì, kálukú pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Èmi kì í dá sí i mọ́. Ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ tiwa náà nígbà náà, ó sì dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, tí ògiri tìrẹ kò tíì wó, ojú ta ni ó ń ṣú níbi tí o ti ń dúró dè kí wọ́n wá bẹ̀ ọ́?