Ìyá Rọra Kì í Ṣe Irin Àtẹ̀gùn

Ìyá Rọra ti kú. Orí àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé ẹ̀kọ́ girama wa tó wà lẹ́yìn ìlú ló ti já bọ́, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí aago ìsinmi lù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọmọbìnrin olóògbé, tó jókòó ti pósí, dá a lóhùn lójú gbogbo wa: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ọlọ́run kọ́ ló gé irin yẹn."

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí ọ̀gá fẹ́ kó ọ́fíìsì rẹ̀ lọ sókè, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tábìlì ńlá rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn kọjá. Kàkà kí wọ́n tú tábìlì, irin tí àwọn ọmọ ń dì mú ni wọ́n ní kí wẹ́dà gé. Wọ́n ní àwọn á jó o padà. Tábìlì wọlé, wẹ́dà lọ, irin sì ń dípẹtà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ta ló wá dípò irin? Olùkọ́ ìṣirò ni. Bí aago bá ti lù, á ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, á lọ dúró létí ibi tó ṣófo, á na apá méjèèjì. "Ẹ rọra o! Ẹni tó bá fẹ́ já, ara mi ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá." Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Ìyá Rọra. Wọ́n á máa sín in jẹ, òun náà á máa rẹ́rìn-ín.

Kò sí ìpàdé olùkọ́ tí kì í béèrè pé, "Ọ̀gá, irin wa ńkọ́?" Èsì kan náà ni: "A ti gbọ́, Mà." Ṣé etí ni wọ́n fi ń jó irin ni?

Àwọn òbí wa ló fọwọ́ ara wọn mọ búlọ́ọ̀kù ilé ẹ̀kọ́ yìí, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ìgboro kò gba ọmọ ẹ̀yìn ìlú. Ibẹ̀ la ti sá eré ìje, ibẹ̀ la gbẹ́ orúkọ olólùfẹ́ sára tábìlì, tí a jẹgba lé e lórí. Lónìí, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ṣe géètì oníná aláràbarà fún àjọ̀dún ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Wẹ́dà tó jó géètì, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ìdí àtẹ̀gùn ni?

Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá wa já bọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ìyá Rọra gbá a mú, ó tì í sára ògiri, òun fúnra rẹ̀ wá fẹ̀yìn lọ. Kò sí ohun tó lè dì mú.

Ọjọ́ a kú là á dère. Wọ́n yìn ín níbi ìsìnkú títí ojú fi ń tì mí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo yà sílé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ dúró síbi tí ìyá wa ti já gẹ́lẹ́, ó na apá méjèèjì.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

"Ọ̀gá ní èmi ni kí n máa dúró síbí báyìí, sà."

Inú bí mi, mo kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo ní láti sọ nìyí. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, tí ẹ gba àtẹ̀gùn yẹn gòkè lọ jẹun àjọ̀dún, ẹ wá ṣàlàyé ohun tí ojú yín rí. Ọ̀gá, ẹ dìde nídìí tábìlì, kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ olóògbé ní gbangba pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé irin. Ẹ má fi orúkọ ìyá wa sọ gbọ̀ngàn kankan. Ẹ jó irin padà. Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tó máa dúró síbẹ̀ títí wẹ́dà yóò fi dé, ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ lọ dúró.