Níbo Ni Rárá Màmá Àgbà Wọlé Sí?

Wọ́n ní àwọn dókítà òkè òkun ti yọ "rárá" kúrò lọ́fun màmá àgbà mi.

Bábà tó ń gẹrun nísàlẹ̀ ilé wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ létí mi. Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí náà oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀ kò lè jiyàn. Ó ní ọdún tí ìjọba kọ́kọ́ rán màmá lọ ṣojú orílẹ̀-èdè wa nílẹ̀ òkèèrè, àwọn òyìnbó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì funfun kan, wọ́n la ọrùn rẹ̀, wọ́n wá ọ̀rọ̀ yẹn títí wọ́n fi rí i, wọ́n fi ẹ̀mú fà á jáde, wọ́n sì rán ọrùn padà. Ó ní ó wà nínú ìgò títí dòní, ní ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí, omi oògùn ló bò ó.

"Báwo ló ṣe rí?" mo bi í.

"Kí ni?"

"Rárá tó wà nínú ìgò."

Bábà ronú díẹ̀. "Ó gùn," ó ní. "Ó nírù."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ bábà nídìí. Nígbà tí àwọn amúnisìn ṣì jókòó lé wa lórí, màmá àgbà mi jẹ́ ọmọge tó ń rán yúnifọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Lọ́jọ́ kan, gómìnà wọn wá sí pápá iwájú ilé ẹjọ́, ó dé fìlà tí wọ́n ki ìyẹ́ bọ̀. Màmá ní òun ò mọ irú ẹyẹ tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ adìyẹ. Gómìnà ní ṣé àwa ọmọ rere á ní sùúrù díẹ̀ sí i kí òmìnira tó dé. Àtẹ́wọ́ ló ń retí. Gbogbo pápá dákẹ́ lọ gbári. Màmá tó dúró níwájú pátápátá ní, "Rárá." Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á, ẹni tó tẹ̀ lé e gbà á, nígbà tó fi máa dé ẹ̀yìn pápá, ó ti di ariwo tó ń mi fèrèsé ilé ẹjọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri káàkiri ìlú, wọ́n sì fi kọrin. Nígbà tí òmìnira máa fi dé, Ìyá Rárá ni gbogbo ayé ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò tíì bí ẹyọ ọmọ kan.

Ìjọba tuntun sọ ọ́ di aṣojú wa lókè òkun. Ó lọ, ó lọ, láti ìlú òtútù kan bọ́ sí òmíràn, títí orí rẹ̀ fi funfun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé, ó ra sálúbàtà tuntun fún inú ilé, gbogbo wa sì rò pé ó fẹ́ sinmi ni. Lọ́dún yìí ló ní òun fẹ́ di ààrẹ.

Ẹgbẹ́ òṣèlú wa kò tóbi. Yàrá ìgbàlejò wa ni ọ́fíìsì, àwọn àga oníke tó wà níbẹ̀ yíyá ni. Àwọn ìwé ìpolongo tó ní fọ́tò màmá, orí bẹ́ẹ̀dì mi la máa ń sá wọn sí kí íńkì wọn lè gbẹ, mo sì ti jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n rí "DÌBÒ" kà léreke mi. Alága ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì máa ń fọwọ́ lẹ́rán ní gbogbo ìgbà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀. Èmi ni dírẹ́bà. Màmá ní òun yàn mí nítorí pé tí mo bá ti dì mọ́ wíìlì, ọwọ́ mi ò ní ráyè ṣe nǹkan mìíràn.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: láti ìgbà tó ti ń polongo ìbò, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá sí ìpàdé wa torí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń lọ bá olórin àtijọ́ kó lè kọ orin kan ṣoṣo yẹn fún wọn. Wọ́n á ní, "Ẹ sọ ọ́ fún wa, màmá." Màmá á rẹ́rìn-ín, á dúpẹ́, á wá máa sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ. Obìnrin kan tó ń ta àgbò... ẹ jọ̀ọ́, obìnrin kan tó ń ta agboòrùn, ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Màmá, tẹ́ ẹ bá wọlé, ṣé ẹ máa fi kún owó orí?" Màmá ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn tó ohun tí a máa jọ jókòó lé lórí." Obìnrin náà jókòó, ó ṣí agboòrùn rẹ̀ sínú ilé, ó fi bojú.

Ibẹ̀ ni bábà ti rí ìtàn rẹ̀. Àpá kan sì wà lọ́rùn màmá lóòótọ́. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n yọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ti gẹ̀gẹ̀?

Èmi ò gba bábà gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ó, ara mi fu. Láti kékeré ni mo ti ń bá màmá gbé, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tó sọ rárá fún mi. Tí mo bá tọrọ bisikíìtì sí i, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Àwọn bisikíìtì tó kù ti ń sùn." Ni mo bá ní ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá a wò.

Mo kọ́kọ́ fi iyọ̀ sí tíì rẹ̀ dípò ṣúgà, iyọ̀ tó pọ̀. Mo wá dúró tì í, mo ní, "Màmá Àgbà, ṣé ó dùn?"

Ó mu ún. Ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Tíì yìí ti rìnrìn àjò," ó ní. "Ó jọ pé etí òkun ló gbà wá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè é sí ètò kan lórí rédíò. Mo fi aṣọ bo fóònù nínú ilé ìdáná, mo yí ohùn padà bíi ti bàbá arúgbó, mo pè wọ́n. "Màmá," mo ní, "a gbọ́ pé ẹ ti kú láti èṣí, pé ẹlòmíì ló ń gbé ojú yín kiri. Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ ṣeun, bàbá," màmá ní. "Ìròyìn yẹn ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Tó bá dé, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún."

Nígbà tó délé, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Bàbá tó pè lórí rédíò yẹn, àwo ló ń fọ̀ lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ omi."

Mo tún gba ọ̀nà mìíràn. "Màmá Àgbà, mo fẹ́ fẹ́ bábà ìsàlẹ̀."

Ó gbé ìwé ìròyìn tó ń kà wálẹ̀. "Ṣé bábà ti gbọ́?"

"Kò tíì gbọ́."

"Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́?"

Mo fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ wàyí. Orílẹ̀-èdè mìíràn ló wà lódìkejì odò wa, àwọn ṣọ́jà wọn sì ti mú àwọn atukọ̀ wa kan pẹ̀lú ọkọ̀ wọn, wọ́n ní wọ́n kọjá ààlà. Títí di bí mo ṣe ń wí yìí, wọn ò tíì dá wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ pọ̀ jákèjádò etí odò, ibi tí wọ́n bá sì fi ìbò wọn sí, ibẹ̀ ni ìbò máa ń wúwo sí. Wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo olùdíje pé kí kálukú wá dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: tó bá wọlé, ṣé ó máa fi ṣọ́jà ránṣẹ́ sọdá odò? Àwọn yòókù ti lọ. Gbogbo wọn ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà débi tí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ já bọ́ sínú omi.

Alága wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tiwa. "Màmá," ó ní, "tí àwọn wọ̀nyí ò bá tẹ̀ lé wa, ká yáa kó àga wọ̀nyí padà fún ẹni tó ni wọ́n. Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ pé ẹ ò ní sọ ọ́. Ẹ kàn ní ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ náà ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀ mí látijọ́ pé kí n má sọ 'a ó yẹ̀ ẹ́ wò' mọ́?" màmá ní.

"Èmi náà ni. Mo tún ti padà wá bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ sọ ọ́."

"Ìmọ̀ràn yín ti dé etí mi, Alága."

Alága fọwọ́ lẹ́rán lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti màmá nìkan la wà nínú ọkọ̀. Mo pa rédíò. Mi ò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. "Màmá Àgbà, níbo ni rárá yín wọlé sí?"

Ó yí gíláàsì fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ tí mo sọ ọ́ ní pápá yẹn," ó ní, "mo wẹ̀yìn kí n lè rí bó ṣe ń lọ. Inú mi dùn. Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn ọlọ́pàá kó ẹṣin wọ àárín èrò. Ọmọbìnrin kan wà tá a jọ ń lo máṣíìnì ìránṣọ kan náà, òun ń yí i, èmi ń tì í. Èmi ni mo fà á wá. Kò fẹ́ wá. Abẹ́ ẹṣin ló wà nígbà tí mo rí i, kò sì dìde mọ́." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Wọ́n fi ohun tí mo sọ kọrin. Wọn ò fi tiẹ̀ kọrin."

Mo dín eré kù.

"Mo dé ibi iṣẹ́ mi lókè òkun," ó ní, "mo rí i pé ẹni tó bá ti sọ ọ́ nídìí tábìlì ti dìde nìyẹn. Àwọn tó bá ṣì jókòó ló máa pín ohun tó wà ńlẹ̀. Àwọn ọmọ tí ò sí níbẹ̀ rárá ló sì máa jìyà ẹ̀."

Mo yíjú sí i kíá. "Màmá Àgbà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ báyìí."

"Èyí tí mo fi wà ní àárín gbólóhùn kọ́ lò ń wá, Aláwàdà. Wo iwájú ẹ, màlúù ń kọjá."

Òótọ́ ni. Irú ìyẹn ò lè tẹ́ bábà lọ́rùn.

Abẹ́ ahéré ńlá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ni wọ́n ti gbà wá. Ọ̀dà ń rùn. Wọ́n ti da àwọn ọkọ̀ dojú dé, àwọn atukọ̀ sì jókòó lórí wọn. Mo jókòó lórí okùn ńlá kan tí wọ́n ká jọ. Bábà wà níbẹ̀, òun ló ń gẹrun fún ìdajì wọn, ó sì dúró síbi tí á ti lè máa wo ọ̀fun màmá dáadáa. Olórí àwọn atukọ̀ dìde. Okùn ti gé ọwọ́ rẹ̀ yánnayànna. A ti gbọ́ kó tó sọ ọ́: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tí wọ́n mú.

"Màmá," ó ní, "a mọ̀ yín. Ẹnu yín ni bàbá mi ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá di ààrẹ, ṣé ẹ máa fi ṣọ́jà ránṣẹ́ sọdá?"

Alága ń mi ẹnu láìsí ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi: a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́ nínú mi pé kó sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí á bínú sí i.

"Rárá," màmá ní.

Kò pariwo. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń bi ara wọn pé kí ló wí.

"Rárá," ó tún ní. "Àwọn tí mo máa rán lọ, ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n. Èmi fúnra mi ni máa lọ, máa jókòó síwájú wọn, mi ò sì ní dìde títí ọmọ yín á fi bá mi bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n jókòó. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Olórí tẹrí ba fún un. Kò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. "Ẹ ṣeun, màmá," ó ní. "Òótọ́ lẹ bá wa sọ. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ yẹn wà nílé, mi ò lè lọ sọ fún un pé ẹ fẹ́ lọ jókòó."

"Mo mọ̀," màmá ní.

Wọ́n sìn wá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, wọ́n ti kéde pé ẹni tí bọ́tìnì rẹ̀ já làwọn máa dìbò fún. Alága kó àga lọ, èmi ni mo bá a fi ọkọ̀ kó wọn dé ọ̀hún. Ìdìbò ku díẹ̀, màmá sì ń jáde lójoojúmọ́. Ìdúró la fi ń ṣèpàdé báyìí, ó ní ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Alága kúrú.

Bábà ti yí ìtàn rẹ̀ padà. Ó ní wọ́n ti fi ìgò náà ránṣẹ́ padà, pé ọkọ̀ òkun ló gbé e wá, àti pé màmá mu omi rẹ̀ tòun tìrù rẹ̀ kó tó wá bá àwọn atukọ̀. Mo bi í pé ta ló rí i. Ó ní kí n má mira, òun fẹ́ fá ẹ̀yìn ọrùn oníbàárà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju èyí lọ: màmá àgbà mi sọ rárá lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ahéré àwọn atukọ̀, lọ́sàn-án gangan, gbogbo wa sì gbọ́ ọ.