Abẹ́rẹ́ Tí Ṣìkẹ́mi Kò Lè Gbà

Ní ọjọ́ tí Oyèlékè kọ́kọ́ dárúkọ Seychelles nínú ilé wọn ní Ìjòkà, ní Àkúrẹ́, Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ rò pé abúlé kan tí wọ́n ti pè é pé kó wá wọn ilẹ̀ ni. Awọnlẹ̀ ni Oyèlékè. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí kì í kó irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tàbí Ìlárá-Mọ̀kín, orúkọ abúlé tí ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ rí sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣìkẹ́mi bu ọbẹ̀ sí àwo rẹ̀, ó ní, "Ìgbà wo lo máa dé?"

"Àwa méjèèjì la jọ ń lọ," ni Oyèlékè wí.

Ó na fóònù rẹ̀ sí i. Òkun tó mọ́ gaara ni Ṣìkẹ́mi rí, àti iyanrìn funfun, àti igi àgbọn tó tẹ̀ sí etí omi. Ọkọ rẹ̀ ṣàlàyé pé kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ni wọ́n, wọ́n fọ́n ká sínú òkun Íńdíà, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ó ní nígbà tí òun wà níléèwé girama ní Oǹdó, tíṣà fi àwòrán ayé kọ́ ògiri, òun rí àmì dúdú bíńtín-bíńtín kan nínú òkun, òun rò pé eṣinṣin ló ṣu síbẹ̀. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha á kúrò, ni tíṣà bá nà òun.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ fojú ara mi rí ibi tí wọ́n torí ẹ̀ nà mí," ó wí.

Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún kẹrìnlá tí wọ́n ti fẹ́ra wọn nìyẹn, wọn kò sì tí ì bímọ. Gbogbo ìrìn-àjò tí àwọn méjèèjì ti jọ rìn láti ọjọ́ ìgbéyàwó, ilé ìwòsàn tàbí orí òkè àdúrà ló ń parí sí. Ìbàdàn ni ilé ìwòsàn tó ń bá wọn gbin ọlẹ̀ sínú ilé ọmọ wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀, kò sì sí èyí tó dúró. Lẹ́yìn ìkẹta, dókítà, obìnrin àgbà kan tó máa ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ sinmi ná." Oyèlékè gbé ọ̀rọ̀ náà bí dókítà ṣe sọ ọ́. Létí Ṣìkẹ́mi, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ òun lójú.

Kéèkì ló ń ṣe tà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Òkè-Àró, kéèkì ọjọ́ ìbí ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ń fi ṣúgà aláràbarà kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sí i lójú, lẹ́tà rẹ̀ a sì gún régé. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ìwé ti di Ìyá Tóbi, wọ́n ti di Ìyá Ẹ̀bùn. Òun tó ti lé lógójì ọdún, Àǹtí Ṣìkẹ́mi ni gbogbo oníbàárà ṣì ń pè é.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà kò fi jẹ́ kó fọkàn balẹ̀. Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé tọkọtaya tí kò tí ì bímọ ń lọ ṣe fàájì létí òkun, kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n á ní tọkọtaya náà ti gbà pé ó parí. Wọ́n á ní ìyàwó náà kò tilẹ̀ wá ọmọ mọ́. Èyí tó sì ń bà á lẹ́rù jù ni ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ máa sọ, ìyẹn Màmá Oǹdó, tí kì í jẹ́ kí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan kọjá kó tó lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ nítorí tiwọn.

Síbẹ̀, ó gbà. Ojú ọkọ rẹ̀ ló wò tó fi gbà. Ó ti pẹ́ tó ti rí i tó ń dunnú sí nǹkan báyẹn. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má tí ì sọ fún Màmá. Wọ́n mú ọjọ́, wọ́n gba ibi tí wọ́n máa dé sí, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wá ku abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó wọ bàálù, kí káàdì rẹ̀ tí wọ́n máa yẹ̀ wò ní pápákọ̀ òfuurufú tó lè ṣiṣẹ́. Oyèlékè ti lọ gba tirẹ̀. Ṣìkẹ́mi dá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gún un ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó nu apá Ṣìkẹ́mi pẹ̀lú òwú tútù, ó wá béèrè tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ máà bínú o, mà. Ṣé kò sí oyún?"

Ṣìkẹ́mi yíjú sí ògiri.

"Gbogbo obìnrin la máa ń bi," ni nọ́ọ̀sì fi kún un. "A kì í sábà fún aláboyún ní èyí, àfi tí dókítà bá ní ká fún un."

Ìbéèrè tó yẹ kí ó rọrùn láti dáhùn ni. Àmọ́ nǹkan oṣù Ṣìkẹ́mi ti yẹ̀. Ó ti yẹ̀ ju bó ṣe máa ń yẹ̀ lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ojú sì ti tì í lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, omi òwú náà ń gbẹ lápá rẹ̀. Tó bá gba abẹ́rẹ́ yìí, tí nǹkan bá wà níkùn rẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Tó bá sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí oyún wà, tí kò wá sí nǹkan kan, ta ló tún fẹ́ bá wí fún ìrètí tí òun fúnra rẹ̀ gbé lé ara rẹ̀ lórí?

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní òun ń padà bọ̀.

Nígbà tí Oyèlékè dé, tó béèrè, Ṣìkẹ́mi sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ti tán níbẹ̀. Irọ́ náà yọ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ̀rù sì bà á pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò ní ìsinmi. Ó ń dìde níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun, á lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á wò bóyá nǹkan oṣù ti dé, á padà wá fọwọ́. Tí inú bá run ún fẹ́ẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ á já. Tí kò bá run ún, àyà rẹ̀ á tún já lọ́nà mìíràn. Ó dẹ́kun gbígbé àpò ìyẹ̀fun, ó ń ké sí ọkùnrin tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wá bá òun gbé e. Kò ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò. Ó mọ bí ìlà kan ṣoṣo ṣe máa ń rí lójú ẹni tó ń retí méjì, kò sì fẹ́ tún rí i.

Lọ́wọ́ kan náà, ọjọ́ ìrìn-àjò ń sún mọ́lé. Oyèlékè kì í ṣe ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbójú sókè láti ibi tó ti ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Mo pè wọ́n ní ibi abẹ́rẹ́ yẹn. Wọ́n ní kò tán rí."

"Bóyá ẹlòmíì ló dá mi lóhùn," ni Ṣìkẹ́mi sọ. "Mo máa lọ lọ́jọ́ Ajé."

Oyèlékè wò ó títí. Ó bọ́ bàtà kejì, ó ní, "A máa lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Ìsinmi. Mi ò lè kúrò nílùú láìsọ fún ìyá mi."

Ṣìkẹ́mi kò jiyàn. Agbára rẹ̀ kò gbé e.

Nígbà tí wọ́n dé Yábà ní Oǹdó, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, kò tilẹ̀ tí ì tú gèlè. Opó ni, ó ti ta kòkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí eékún tó dá a jókòó. Ó gbé iyán síwájú wọn. Ṣìkẹ́mi, tó jẹ́ pé "o" ló ń bá ọkọ rẹ̀ sọ ní Àkúrẹ́, tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ "ẹ" bó ṣe máa ń ṣe níwájú ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ kan iyán lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sílẹ̀.

Oyèlékè sọ ọ̀rọ̀ náà láìfì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún. Màmá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà níbẹ̀ ni?"

"Màmá, kò sí dókítà nínú ọ̀rọ̀ yìí. A kàn fẹ́ lọ sinmi ni."

"Ẹ fẹ́ sinmi," ni Màmá wí. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìbéèrè ló fi ṣe. Nígbà tó yá, ó gbára lé ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, wá bá mi kó abọ́ lọ sẹ́yìn."

Ní ẹ̀yìnkùlé, kò jẹ́ kí Ṣìkẹ́mi fọ abọ́. Ó ní kó jókòó sórí àpótí. "Láti ìgbà tí o ti wọlé, o ń rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Kí ló ṣe ọ́?"

Bí Ṣìkẹ́mi ṣe sọ ohun tí kò lè sọ fún ọkọ rẹ̀ fún obìnrin tó ń bẹ̀rù jù láyé nìyẹn. Ó sọ ti nǹkan oṣù tó yẹ̀, ó sọ ti nọ́ọ̀sì, ó sọ irọ́ tó pa. Bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń retí kí ìyá àgbà náà fò sókè, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Olúwa, kó gbé ẹrù ayọ̀ tí òun kò lè rù lé òun lórí.

Màmá kò fò. Ó wá ibi jókòó. "Mi ò ní yọ̀, mi ò sì ní sunkún," ó wí. "Mo mọ̀ pé tí o bá ti wọlé yìí, ikùn rẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Mo ti ń bá ara mi wí lórí ẹ̀." Ó fi ọ̀pá ti ewé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àmọ́ èmi kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Sọ fún ọkọ rẹ kí ẹ tó délé."

Wọ́n ti kọjá Bọ́lọ́rundúró, wọ́n ń sún mọ́ Owénà, kí Ṣìkẹ́mi tó rí ẹnu là. Oyèlékè gbọ́ ìdajì rẹ̀, ó rọra ya sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ àjàgbé kan kọjá, ọkọ̀ tiwọn mì.

"O wo ojú mi, o ní abẹ́rẹ́ ti tán," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe irọ́ yẹn gan-an ló dùn mí." Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣé ìwọ nìkan lo ń wá ọmọ ni? Ẹ̀rù tó bà ọ́ láti ọjọ́ yìí, ṣé kò sí ìpín tèmi níbẹ̀?"

Ṣìkẹ́mi ní òun kò fẹ́ kó tún retí lásán.

"Jẹ́ kí n retí lásán," ni Oyèlékè dáhùn. "Ó sàn ju kí n máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kiri bí aṣiwèrè nígbà tí ìwọ ń kú lọ nínú ilé."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn aláboyún ń kọjá níwájú wọn, ọwọ́ ní ìbàdí. Oyèlékè kò fi fóònù ṣeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n, kò sì mọ̀. Ṣìkẹ́mi ń wo ẹsẹ̀ náà. Ó wá yé e pé bóyá ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ẹsẹ̀ yẹn ti ń gbọ̀n báyìí, tí òun kò rí i nítorí pé ara òun nìkan lòun ń wò.

Kò sí oyún. Dókítà ní ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Wọ́n délé, Ṣìkẹ́mi sunkún nínú yàrá, Oyèlékè sunkún nínú ọkọ̀ kó tó wọlé. Ojú rẹ̀ tó pọ́n ló tú u fó.

Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sẹ́ni tó dárúkọ erékùṣù kankan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ti kọjá, tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sì wúlò fún ọjọ́ tí wọ́n mú mọ́. Oyèlékè rò pé ó tán. Ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún un nígbà tí Ṣìkẹ́mi pè é láti Òkè-Àró pé òun ti lọ gba abẹ́rẹ́ náà, pé apá ń ro òun, pé kó bá àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú sọ̀rọ̀ kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ó béèrè.

"Kò dá mi lójú," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó yí ọkàn padà."

Ó fúnra rẹ̀ pe Màmá Oǹdó. Màmá kò béèrè nǹkan kan nípa ikùn. Ó béèrè bóyá òkun ibẹ̀ jìn, bóyá wọ́n ń ta oògùn ibà, bóyá wọ́n gbọ́ èdè tí àwọn ọmọ òun máa fi pè fún ìrànlọ́wọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè náà pọ̀ débi pé Ṣìkẹ́mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í fún un níṣìírí, òun tí àyà tirẹ̀ kò tíì balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, wọ́n ń di ẹrù. Ṣìkẹ́mi ká aṣọ kan, ó tú u, ó tún un ká. Ó béèrè bí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéni láti erékùṣù kan sí èkejì ṣe tóbi tó.

"Kò tóbi púpọ̀," ni Oyèlékè wí. Ó ń wá ṣaja fóònù nínú dúrọ́ọ̀, kò yíjú padà. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Ṣìkẹ́mi gbé aṣọ náà sílẹ̀. "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ tí o mú wa lọ sáàárín òkun!"

"Mo rò pé o mọ̀ ọ́n ni."

"Níbo ni mo ti fẹ́ kọ́ ọ, l'Ókè-Àró?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín gbé Oyèlékè jókòó sí etí ibùsùn, ó mú Ṣìkẹ́mi náà. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ẹ̀rù ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti di ti àwọn méjèèjì. Oyèlékè ní òun gbọ́ pé wọ́n máa ń fún èèyàn ní ẹ̀wù tó ń léfòó. Ṣìkẹ́mi ní kó pe àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi náà, kó béèrè dájú. Ó jókòó tì í títí ó fi pè wọ́n.