Ìtọ̀ Tá A Fi Ṣe Dókítà Lálejò

Nígbà témi náà ṣì wà lọ́mọdé. Ẹ má rò pé ọmọ tó ń rákò ni mò ń sọ o. Mo ti tó ẹni tó ń hu irùngbọ̀n, irùngbọ̀n náà ló kọ̀ tí kò hù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdírì l'Ékòó ni, èsì ìdánwò jáde, mo féèlì. Kì í ṣe féèlì kékeré. Ìṣirò lé mi, sáyẹ́ǹsì lé mi, Yorùbá tí mo fi ń pe ìyá mi gan-an, díẹ̀ ló kù kó lé mi. Ni mo bá di ẹrù mi, mo padà sí abúlé wa létí ọ̀sà, lọ́nà ìsàlẹ̀ Ajah. Lásìkò yẹn kò sí títì níbẹ̀, kò sí géètì, kò sí síkiọ́rítì tó máa bi yín pé ta lẹ wá rí. Àgbọn ló wà níbẹ̀, àti iyanrìn, àtàwọn èèyàn tó ń pè mí ní Púrófẹ́sọ̀ tí wọ́n bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mò ń gbé, àwọn náà ni mò ń pè ní ìyá mi. Obìnrin tó lágbára ni wọ́n. Tí wọ́n bá ń bó àgbọn lórí irin tá a rì mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti bó o tán. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, èmi àti àgbọn la jọ ṣubú, àgbọn ló kọ́kọ́ dìde.

Àmọ́ lọ́dún tí mo dé yẹn, òùngbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ìyá yìí. Wọ́n á mumi nínú àmù, kí wọ́n tó gbé ife sílẹ̀, ẹnu wọn ti gbẹ. Wọ́n á lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á tún padà wá mumi. Wọ́n ń rù, ìró ń já bọ́ nídìí wọn. Ibi tí wọ́n bá sì tọ̀ sí, èèrà á ti tò débẹ̀, bíi pé ẹnì kan da oyin sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Omi kànga wa níyọ̀ nínú, tórí náà tára ẹnì kan ò bá yá ládùúgbò wa, omi àgbọn la máa ń fún un. Ìtọ́jú wa nìyẹn. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á bẹ́ tiẹ̀ wá fún ìyá, ẹni tó ń ti odò bọ̀ á mú tiẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń mu ún, bẹ́ẹ̀ lòùngbẹ ń le sí i. Mo ní, "Ìyá, ṣé omi àgbọn yìí ò ti dùn jù fún nǹkan tó ń ṣe yín?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Púrófẹ́sọ̀, ṣé àgbọn náà wà nínú sáyẹ́ǹsì tó o féèlì ni?"

Lọ́jọ́ kan, irin tí wọ́n fi ń bó àgbọn gé wọn lẹ́sẹ̀. Egbò kékeré ni. Àwa ń retí kó san, òun ń fẹ̀ sí i.

Àsìkò yẹn làwọn dókítà kan dé, nínú ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì. Wọ́n láwọn ń ṣèwádìí lórí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà láwọn abúlé etí ọ̀sà. Ọ̀dọ́ ni ọ̀gá wọn, ó sì ń kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ara ìyá mi àtàwọn ìyá yòókù yá sí i lójú ẹsẹ̀. Ó pín ìgò kéékèèké fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, ó lẹ orúkọ mọ́ ọn. Ó ní kí kálukú tọ̀ sínú tiẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn á wá kó o. Ó tún ní abúlé tí wọ́n bá ti rí àìsàn yẹn, ọkọ̀ dókítà á máa yà síbẹ̀ lóṣooṣù, pẹ̀lú oògùn, lọ́fẹ̀ẹ́. Inú mi dùn. Mo wo ẹsẹ̀ ìyá, mo ní Ọlọ́run ti rán wọn wá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ìyá pé sábẹ́ igi àgbọn wa. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò láyé ìgbà yẹn. Tí àlejò bá dé, ẹja tó tóbi jù lẹ máa sè fún un, abọ́ tí kò sán lẹ máa fi bu omi fún un. Ìyá àgbà kan wá gbé ìgò tiwọn sókè, wọ́n ní, "Ṣé irú ìtọ̀ tèmi yìí la fẹ́ gbé fún ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kíni?" Ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà ní, "Èmi tí èèrà ń bá du tèmi ńkọ́? Kí wọ́n gbé e dé Èkó, kí wọ́n máa fi hanra wọn?"

Wọ́n wá sọ pé ìtọ̀ tó mọ́ jù lábúlé ni káwọn wá. Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ọ̀kan ní, "Ẹ wo Púrófẹ́sọ̀. Látìgbà tó ti dé, kò tíì ṣiṣẹ́ kankan. Ìtọ̀ ẹ̀ á ṣì dà bíi tuntun." Nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n rí lára mi tó wúlò lẹ́yìn gbogbo ọdún tí mo lò nílé ìwé nìyẹn.

Mo kọ̀. Mo ní ńṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ń bá ẹlòmíì ṣèdánwò, pé aláìsàn gan-an ni wọ́n ń wá, àwa ló sì máa jìyà ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe tiẹ̀ tó féèlì, ta ló bẹ̀ ọ́ pé kó o bá òun ṣe?" Wọ́n bá pe ọmọbìnrin kan tó ń fo okùn, tára ẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ yẹn tọ̀ sínú abọ́ tí kò sán, wọ́n pín in sínú gbogbo ìgò bí ẹni ń pín epo.

Láàárọ̀, dókítà dé. Mo lọ dúró síwájú ẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìtọ̀ inú ìgò yìí kì í ṣe tiwọn. Ọmọdé kan ló tọ̀ ọ́."

Ìyá mi ò tiẹ̀ dìde. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má dá a lóhùn. Ìdánwò ló féèlì, ó ti dà á lórí rú. Gbogbo nǹkan ló ń bá jà."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n tún un ṣe, pé màá páàsì. Ó kó ìgò sínú àpótí, ó lọ.

Nígbà tí wọ́n padà wá, inú dókítà ló ń dùn jù. Ó ní ara wa le, àwọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní in. Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Wọ́n di àgbọn kún ọkọ̀ ẹ̀, ó sì bi wọ́n pé ṣé kì í ṣe àgbọn yìí ló ń mú ara wọn le báyìí. Àwàdà ló ń ṣe, àmọ́ ta ló mọ̀? Látọjọ́ náà, omi àgbọn tí wọ́n ń bu fún ìyá mi di ìlọ́po méjì. Abúlé tó wà ní òdìkejì ọ̀sà ni wọ́n gbé ọkọ̀ oògùn fún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wò ó, lóṣooṣù ni ọkọ̀ yẹn ń gba iwájú abúlé wa kọjá. À ń wò ó. Àwọn ọmọdé á juwọ́ sí i, dókítà á juwọ́ padà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbé wọn sínú ọkọ̀ àbúrò bàbá mi, mo wà á sọdá fúnra mi, ó dà bíi pé ọ̀sà ń fà mí sẹ́yìn. Níbi tí ọkọ̀ oògùn ń dúró sí, wọ́n ní kí ìyá tọ̀. Ìyá wò yí ká, kò sí ẹni tí wọ́n lè yá tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì da ìtọ̀ náà mọ́ oògùn aláwọ̀ búlúù, ó gbé e sórí iná. Ó pọ́n bíi bíríkì, ṣúgà ló kún inú ẹ̀.

Dókítà béèrè ibi tí wọ́n ti wá. A sọ fún un. Ó ní, "Níbẹ̀? Kò sẹ́ni tó ní in níbẹ̀." Ìyá mi ní, "Èyí tá a fi ṣe yín lálejò lẹ rí nígbà yẹn. Tiwa nìyí."

Ó di orí ẹ̀ mú. Ó wá wò mí, mo sì wò ó. Inú ń bí mi débi pé mi ò rántí pé ó yẹ kí n yọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ.

Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fún wọn loògùn, wọ́n ní kí wọ́n yé mu omi àgbọn. Dókítà bá wa kọ̀wé sáwọn ọ̀gá ẹ̀ kí ọkọ̀ máa yà lọ́dọ̀ wa. Èsì tó bọ̀ ni pé wọ́n ti to ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, abúlé wa ò sí níbẹ̀, ara wa le. A wá ń wakọ̀ sọdá lóṣooṣù, ọkọ̀ dókítà á sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lójú omi. Ọdún díẹ̀ la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àsìkò òjò kan, ọ̀sà ru, a ò rí ọ̀nà sọdá. Oògùn tán. Orí ẹní wọn, níbi tí wọ́n ti lè rí omi, ni wọ́n kú sí.

Lónìí, títì ti gba orí ibi tí igi àgbọn yẹn wà. Ọsibítù onígíláàsì wà níbẹ̀, mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ láti ilé, torí èmi náà ti ní àìsàn yẹn. Ìka ni wọ́n ń gún báyìí, kò sẹ́ni tó lè yá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá jókòó síbi tá a ti ń dúró de dókítà, ẹ máa gbọ́ ọ. Ọ̀kan ò jẹ ẹ̀bà látàná, èkejì ń mu omi ewúro látijọ́ mélòó kan, kí èsì lè dáa lójú dókítà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á délé lọ mu mínírà. Inú máa ń bí mi sí wọn, mo máa ń bá wọn wí.

Ìyàwó mi ní, "Ìwọ tó ò jẹun látìjẹta ńkọ́?"

Mo ní tèmi yàtọ̀. Ó ní báwo ló ṣe yàtọ̀. Mo ṣì ń ronú ohun tí màá fi dá a lóhùn. Ẹ ṣe sùúrù fún mi, ẹ rántí pé mo féèlì.